Ọkọ́ Ló Fi Jẹ Oyè

Bí Friedrich Ludwig von Sckell bá fẹ́ la ọ̀nà nínú ọgbà tuntun, kì í fi okùn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kan tí irin ṣóńṣó wà lẹ́nu rẹ̀ ló máa ń mú lọ́wọ́. Á dúró síbi tí ọ̀nà yóò ti bẹ̀rẹ̀, á gbójú sókè wo ibi tó ń lọ, á wá máa rìn ní ìrìn ẹ̀sọ̀, ẹnu ọ̀pá á sì máa fa ìlà sórí ilẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kì í wo ẹsẹ̀. Iwájú ni ojú rẹ̀ máa ń wà, lára igi tó yẹ kí ọ̀nà yà fún, àti níbi tí ilẹ̀ ti ga tàbí tó ti rẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa tẹ̀ lé e, wọ́n á máa kan èèkàn mọ́ ojú ìlà náà. Ìgbà tó bá fi dé òpin, ọ̀nà ti yọ, kò sì ní sí ibì kan tó le gbandi bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà.

Ó ti sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó tú àṣírí iṣẹ́ yìí sínú ìwé tó kọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọgbà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1818. Lásìkò yẹn, òun ni alábòójútó àgbà fún gbogbo ọgbà ààfin ọba Bavaria, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì òde òní. Wọ́n ti ń pè é ní Ritter von Sckell, orúkọ ọlọ́lá. Kò bá orúkọ yẹn nílé baba rẹ̀.

Ohun tó bá nílé baba rẹ̀ ni ọkọ́. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, 1750, ní Weilburg, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Lahn. Ìran ológbà ni ìran Sckell. Baba rẹ̀, Johann Wilhelm, di olùtọ́jú ọgbà ní Schwetzingen, nítòsí ìlú Mannheim, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Schwetzingen ni Carl Theodor, olórí ilẹ̀ Palatinate, ti máa ń lo ìgbà ooru. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olórí kékeré. Ó wà lára àwọn afọbajẹ ilẹ̀ Jámánì, ìyẹn àwọn díẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ láti yan ọba ńlá tí gbogbo àwọn olórí yòókù ń wárí fún. Ó fẹ́ràn orin, ó fẹ́ràn eré orí ìtàgé, ó sì fẹ́ràn ọgbà.

Ọgbà tí Sckell bá níbẹ̀ jẹ́ ti àṣà ilẹ̀ Faransé. Àárín rẹ̀ jẹ́ òbírí ńlá kan, a là á sí wẹ́wẹ́ bí onídìrí ṣe ń fi òòyà pín irun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í: ìlà gbọọrọ, igun sí igun, gbogbo igi ni wọ́n gé lórí kó má baà ga ju èkejì rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà pé ọba ló ni ilẹ̀, pé ọba ló ni igi, àti pé igi pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣà mìíràn ti ń jà ràn-ìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Carl Theodor gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì náwó sí i. Ó rán ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba Paris àti Versailles kọjá, ó sì jẹ́ kó gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1773 sí 1777. Níbẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ Lancelot Brown àti William Chambers, àwọn ògbóǹtarìgì méjì tí wọn kò fẹ́ràn ara wọn rárá. Ó rí ọgbà Kew, ó rí Stowe, ó rí Blenheim. Brown a máa wú ọgbà onílà gbọọrọ tu pátá, a máa sé odò kó lè di adágún, a máa gbin igi ní ìdì-ìdì sórí pápá, a sì máa jẹ́ kí koríko wá títí dé ẹsẹ̀ fèrèsé ilé. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí àwọn ológbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò nìyí: dípò odi, wọ́n á gbẹ́ kòtò jíjìn kan tí ẹni tó wà nínú ilé kò lè rí. Màlúù kò ní lè kọjá wá sínú ọgbà, ṣùgbọ́n olówó tó jókòó sí fèrèsé á máa rò pé ilẹ̀ òun kò lópin.

Nígbà tí Sckell padà dé ní 1777, ó gbin ọgbà igi tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ Schwetzingen, ó sì fi orúkọ olówó rẹ̀ sọ ọ́: Arborium Theodoricum. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ọgbà àṣà tuntun yí ti àtijọ́ po, kò wú òbírí àárín yẹn. Inú ọgbà kan náà ni Nicolas de Pigage, ayàwòrán-ilé Carl Theodor, kọ́ mọ́ṣáláṣí kan sí, tó ní òrùlé rìbìtì àti ilé ìpèrun méjì. Kò ní lèmọ́mù, kò ní ìjọ, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ pé kí wọ́n máa kírun níbẹ̀. Ohun ìran ni. Àwọn ọlọ́lá ọ̀rúndún kejìdínlógún fẹ́ràn kí wọ́n máa rìn láti ọ̀dọ̀ òrìṣà àwọn Gíríìkì lọ sí ilé àwọn Túúkì láàárín wákàtí kan kí wọ́n tó padà lọ jẹun.

Ibi tí ìtàn Sckell ti di ohun tó yẹ kí ènìyàn kà tán ni Munich, ní 1789.

Carl Theodor ti jogún Bavaria ní ìparí 1777, ó sì ti kó ààfin rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn ará Munich kò fẹ́ ẹ. Àjèjì ni lójú wọn. Ọ̀gágun kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Benjamin Thompson, ọmọ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tó ti ọ̀dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun, tó sá kúrò nílé, tó wá di ẹni ńlá ní Bavaria. Òun ni ayé mọ̀ sí Count Rumford lẹ́yìn náà. Thompson fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun máa dáko nígbà tí ogun kò bá sí. Ó wá ilẹ̀ fún ọgbà wọn, ojú rẹ̀ sì lọ síbi tí Carl Theodor ti ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín lẹ́bàá odò Isar. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àṣẹ jáde pé kí ibi ìṣọdẹ náà di ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo ará ìlú. Oṣù kan péré ni lẹ́yìn tí àwọn ará Paris ya wọ ẹ̀wọ̀n Bastille. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ìbẹ̀rù ló la ọwọ́ olórí náà, èmi náà kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ àṣẹ jáde, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Sckell láti Schwetzingen kó wá wo ilẹ̀.

Ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ ni. Odò Isar ti máa ń kún bo apá kan rẹ̀, àwọn ìṣàn kéékèèké sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn ì bá kígbe. Sckell mú àwọn ìṣàn wọ̀nyẹn, ó fi wọ́n ṣe ohun tí ọgbà fi ń mí. Wọ́n kọ́ ilé gogoro onígi kan sí i, ti àṣà Ṣáínà, tó ga tó mítà 25, àpẹẹrẹ èyí tí Chambers kọ́ sí Kew. Ní 1792 wọ́n ṣí ọgbà fún gbogbo ènìyàn. Orúkọ olórí ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, Theodors Park, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò gba ìyẹn. Englischer Garten ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ọgbà Gẹ̀ẹ́sì, ohun náà ló sì ń jẹ́ títí di òní.

Lọ́dún kan náà ni baba Sckell kú, tí ọmọ sì gbapò rẹ̀ ní Schwetzingen. Ní 1799, ọdún tí Carl Theodor kú, wọ́n fi í ṣe olórí ọgbà fún Palatinate àti gbogbo Bavaria.

Ní Munich, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣe alákòóso ọgbà náà. Nígbà tí Rumford lọ ní 1798, Reinhard von Werneck ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Werneck ní gbogbo ohun tí Sckell kò ní: ọmọ ọlọ́lá ni, ọ̀gágun ni, "von" ti wà lára orúkọ rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Èrò rẹ̀ kò burú. Ó rí i pé owó ń jáde lápò ọgbà tí kò sì sí èyí tó ń wọlé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ dáko, ó fẹ́ kí ọgbà bọ́ ara rẹ̀. Òun náà ló gbẹ́ adágún tí wọ́n ń pè ní Kleinhesseloher See, ní nǹkan bí ọdún 1800. Ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ kò dínkù, ohun tó sì ṣe kò tẹ́ ààfin lọ́rùn. Ní 1804 wọ́n mú Werneck kúrò, wọ́n sì gbé gbogbo ọgbà ààfin lé Sckell lọ́wọ́. Ó kó wá sí Munich. Ó wo adágún ọ̀gágun náà, ó rí i pé ó kéré, ó gbẹ́ ẹ kún títí tó fi di ńlá.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1806, Bavaria di ìjọba ọba, olórí rẹ̀, Max Joseph, sì di ọba. Ìgbà yẹn ni ọgbà ààfin di ọgbà ọba ní tòótọ́. Ní 1807 Sckell kọ ìwé àlàyé kan lórí Englischer Garten, ó sì sọ níbẹ̀ ohun tó gbà pé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà fún: kí gbogbo ìpele ènìyàn lè pàdé ara wọn lábẹ́ igi, kí wọ́n rìn, kí ara wọn le, kí wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Òṣìṣẹ́ ààfin ló ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń ti àpò ọba jáde. Lọ́dún kejì, 1808, ọba fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Bavaria tó ń sọ ẹni tó bá gbà á di ọlọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ológbà ṣe di Ritter von Sckell. Ẹni tó bá dàgbà sílùú tí oyè ṣì lágbára, ní Ìdáàṣà ní orílẹ̀-èdè Benin tàbí níbikíbi, mọ̀ pé oyè tó wà nínú ilé yàtọ̀ sí oyè tí ọba fi dá ènìyàn lọ́lá nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Irú ti ìkejì yìí ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni? Nymphenburg ló fi í hàn jù. Ààfin ìgbà ooru ni, ní ìwọ̀-oòrùn Munich. Omi kan tí wọ́n gbẹ́ tààrà gba àárín ọgbà rẹ̀ kọjá, iṣẹ́ àwọn onílà gbọọrọ ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn àṣà Gẹ̀ẹ́sì ì bá wú omi náà tu, bí Brown ṣe wú ọ̀pọ̀. Sckell fi í sílẹ̀. Ó mú apá ọ̀tún àti apá òsì, ó gbẹ́ adágún kan sí ibí, òmíràn sí ọ̀hún, ọ̀kan níwájú ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Badenburg, èkejì níwájú Pagodenburg, ó sì fi igbó yí wọn ká. Láti orí àtẹ̀gùn ààfin, ojú rẹ á máa bá omi tààrà náà lọ títí. Bí o bá yà sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwọ àti ọba ti pínyà, o ti bọ́ sínú igbó. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti ju àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó mọ ohun tí kò yẹ kí òun fọwọ́ kàn.

Bó ṣe ń gbin igi náà ní ọgbọ́n. Kì í to onírúurú igi sójú kan bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Irú kan ló máa ń gbìn pọ̀ sójú kan, kí ó pọ̀ tó láti jọ igbó, kí òmíràn wá máa yọ wọ inú rẹ̀ ní etí. Igi ilẹ̀ ibẹ̀ ló fẹ́ràn jù, igi óòkù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Igi àjèjì tó dára lójú, ibi tó sún mọ́ ilé ló máa ń fi í sí. Ewé tó dúdú á wà lẹ́yìn, èyí tó mọ́lẹ̀ á wà níwájú. Etí igbó kò gbọdọ̀ gún: á wọlé, á yọ síta, igi kan tàbí méjì á sì dá dúró lórí koríko, àfi bí ẹni pé ẹyẹ ló gbé irúgbìn rẹ̀ já síbẹ̀. Gbogbo èyí, ènìyàn ló fi ọkọ́ àti ọkọ̀ ẹrù ẹlẹ́ṣin ṣe é. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló kó ilẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn kí òkè kékeré lè wà níbi tí kò sí òkè. Nínú Englischer Garten, ọmọ ogun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀. Orúkọ wọn kò sí lára òpó kankan.

Ará Tré, lágbègbè Ìdáàṣà, lè rẹ́rìn-ín sí òkè tí wọ́n fọwọ́ kó jọ yẹn. Ní òkè Ìdáàṣà, ẹnikẹ́ni kò nílò láti fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó òkè jọ. Àpáta ti wà níbẹ̀, igi ti yọ láàárín rẹ̀, àwọn baba ńlá tó ń sá fún ogun Dáhòmì sì mọ ohun tí òkè wúlò fún dáadáa. Igbó tí a kì í gé náà wà, ti òrìṣà àti ti orò, kárí orílẹ̀-èdè Benin. Ìkàyé tí Valentin Agbo àti Nestor Sokpon ṣe ní 1998 rí igbó ọ̀wọ̀ 2,940 ní Benin, tí gbogbo wọn pa pọ̀ kò ju hẹ́kítà 18,360 lọ. Bí o bá pín in, igbó kan kò tó hẹ́kítà méje. Ní 2012, ìjọba ṣe ìlànà tó fún irú igbó bẹ́ẹ̀ ní ipò lábẹ́ òfin, nítorí èèwọ̀ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ dá ẹni tó ń wá pákó àti ẹni tó ń wá ilẹ̀ oko dúró mọ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà Sckell àti tiwa ti pínyà. Ní tiwa, ohun tó ń ṣọ́ igi ni pé kí gbogbo ènìyàn má wọlé. Ní Munich, ohun tó ń ṣọ́ igi ni pé gbogbo ènìyàn ti wọlé: ọba tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ náà á rí i pé ìlú ti jókòó sórí rẹ̀. N kò sọ pé kí wọ́n ṣí igbó orò sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi fóònù ya ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn òkè tí kì í ṣe ti òrìṣà kankan, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn, wọ́n pọ̀ ní àyíká Ìdáàṣà, wọ́n sì sún mọ́ ọ̀nà ńlá tó lọ láti Kútọnu sí Parakú. Ìlú tó bá ní irú ilẹ̀ yẹn lè pinnu kó tó di pé ẹlòmíràn bá a pinnu.

Ọgbà tí àwọn òyìnbó mú wá sí etíkun wa kò jọ ti Sckell. Àwọn Faransé dá ọgbà ìdánwò sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ igbó ààfin, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Jámánì dá tiwọn sílẹ̀ ní Victoria, tó ń jẹ́ Limbe ní Cameroon òde òní, ní 1892, abẹ́ Paul Preuss. Kókó, rọ́bà, kọfí: ohun tó lè wọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gbìn. Òdòdó gan-an máa ń bá ọ̀nà kan náà lọ. Walter von Saint Paul, ọlọ́lá tó ń ṣàkóso fún ìjọba Jámánì ní Tanga, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, rí òdòdó aláwọ̀ àlùkò kékeré kan ní òkè Usambara, ó sì fi ránṣẹ́ sí baba rẹ̀. Ọwọ́ Hermann Wendland, olórí ọgbà ọba ní Herrenhausen ní ìlú Hannover, ló bọ́ sí. Baba Wendland àti baba baba rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọgbà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 1893 Wendland sọ òdòdó náà ní Saintpaulia, orúkọ ọlọ́lá náà. Òun náà ló wà lójú fèrèsé káàkiri ayé lónìí, àwọn tó rà á kò sì mọ̀ pé ojú àpáta ló ń hù sí nílé.

Sckell kú ní Munich ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, 1823. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọba Max Joseph ní kí wọ́n gbé òpó kan nà fún un létí adágún Kleinhesseloher, Leo von Klenze ló ya àwòrán rẹ̀. Werneck náà ní òpó tirẹ̀ nítòsí adágún kan náà láti 1838, nítorí náà àwọn méjèèjì tí kò gba tara wọn ń wo omi kan náà. Carl August Sckell, ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gba ipò náà. Lẹ́yìn wọn, ìdílé ológbà mìíràn, Effner, wá dé ipò náà; Carl von Effner, tó ṣe ọgbà Linderhof fún ọba Ludwig kejì, gba oyè ọlọ́lá lọ́nà tí Sckell gbà gbà á.

Ìjọba ọba parí ní Bavaria ní 1918. Ọgbà ọba di ti ìjọba ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì kan sì wà ní Munich tó ń bójú tó gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ààfin. Englischer Garten ti tó hẹ́kítà 375 nísinsìnyí. Ilé gogoro Ṣáínà jóná nínú ogun ní 1944, wọ́n tún un kọ́ ní 1952, àwọn èèyàn sì ń mu bíà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń gun ìgbì lórí pákó nínú ìṣàn Eisbach, àwọn mìíràn ń yáàrùn láìwọ aṣọ rárá, ohun tí n kò rò pé Sckell ní lọ́kàn nígbà tó sọ pé kí gbogbo ìpele ènìyàn sún mọ́ ara wọn. Ohun tó kù tí wọ́n ń bá a fà ni ọ̀nà mọ́tò ńlá tí wọ́n là gba inú ọgbà kọjá ní àwọn ọdún 1960, tó pín in sí méjì. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ní Munich ti ń béèrè pé kí wọ́n ri ọ̀nà náà sábẹ́ ilẹ̀, kí koríko tún lè bá koríko pàdé lórí rẹ̀.  Owó ló ń fa ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà.